Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Rẹ Bá Nọ́kù, Béèrè Ohun Tó Pa Á Kí O Tó Sanwó

Àbúrò mi, bí wọ́n bá pè ọ́ láti etí omi ní Bàrígà pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ ti nọ́kù, má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Atukọ̀ á ní kí o ṣe kíá, mẹkáníìkì á ní òun ti ṣí ìdérí rẹ̀, oníbàárà tó ń retí ẹja á máa pè lemọ́lemọ́. Inú kìràkìtà yẹn gan-an ni owó ti máa ń sọnù. O ra písítìn tuntun, o sanwó iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì jí, gbogbo yín yọ̀. Kò pẹ́, kò jìnnà, ó tún kú, ikú àkọ́kọ́ náà ló sì tún kú, torí pé ohun tó pa á kò kúrò níbẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin tí à ń gbé Igbóbì, Fádéyì, Ṣómólú àti Bàrígà ló ní owó lórí ọ̀sà láì jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa ń kan omi. Òmíràn fi owó àjọ ra ẹ́ńjìnnì fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń kó èrò. Òmíràn ní ọkọ tó ń pẹja ní etí omi Ìlàjẹ. Òmíràn ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Àgọ́ Ẹ̀gùn, ó sì ń yá wọn lówó ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè máa fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí irú èyí ti wà. Ní etíkun Ghana, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tí wọ́n sì ń tà á ni wọ́n máa ń fi owó wọn gbé àwọn apẹja dúró, láti orí àwọ̀n dé orí ẹ́ńjìnnì. Àwa la ni owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ kíráńkì àti béárìn, a ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ mọ ìyẹn." Jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kò pọ̀, bí mo sì ṣe mọ̀ ọ́n ni màá ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Mọ irú ẹ́ńjìnnì tí o ní

Lára àwọn ẹ́ńjìnnì tí o máa rí jù lórí omi wa ni Yamaha Enduro. Èyí tí wọ́n ń pè ní 40 ní sìlíńdà méjì. Ojú písítìn kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 80. Èyí tí wọ́n ń pè ní 75 ní sìlíńdà mẹ́ta. Iye sìlíńdà kan àpò rẹ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọjọ́ tí písítìn àti ríìngì bá fẹ́ pààrọ̀, ọ̀nà méjì tàbí ọ̀nà mẹ́ta ni wàá san án.

Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò ní ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò. Inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn. Bí epo ṣe ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá ló ń fi ọ́ìlì pa kíráńkì, béárìn àti ògiri sìlíńdà lára, kó tó wá jóná. Bí ọ́ìlì bá dín, irin á máa ha irin. Wọn kò sì ní rédíétọ̀. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ló ń tù wọ́n lára. Rọ́bà kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ìmpélà. Òun ló ń fa omi sókè láti yí sìlíńdà ká, kí omi náà tó tú jáde lẹ́yìn. Bí o bá ti di ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti ọ̀rọ̀ omi yìí mú, o ti mọ ìdí ikú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó máa ń pa á

Jẹ́ ká mú ọ́ìlì ṣíwájú. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ń sọ ni pé kí ọ́ìlì jẹ́ ìdá kan sí àádọ́ta epo. Ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, epo tó wà lábẹ́ ₦200 ní lítà ré kọjá sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, ó ti ń lọ sí ₦1,000. Nígbà tí epo bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ni atukọ̀ máa ń kọ́kọ́ dín. Á ní, "Ìdá mẹ́rin lítà náà á ṣe é." Ẹ́ńjìnnì náà á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ohun tó ń tanni nìyẹn. Àwọn mìíràn á rọ ọ́ìlì mọ́tò sí i. Ọ́ìlì mọ́tò kò yẹ fún un, torí wọn kò ṣe é láti bá epo jóná. Wo ara agolo: èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi máa ń ní àmì TC-W3 lára. Lọ ra á fúnra rẹ, kó o sì ra ike tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ó tún kan omi. Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Bàrígà kò jìn púpọ̀ ní etí, iyanrìn pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn sì tún ń dà á rú. Iyanrìn á jẹ apá ìmpélà náà tán díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi. Nígbà òjò, omi ọ̀sà á dùn, ewéko tó wọ inú omi wa láti apá Badagry ní nǹkan bí 1984 á sì bo ojú omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á pọ̀, ewéko yẹn á dín, ṣùgbọ́n ìpẹtà á gbapò rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan nínú ọdún tí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì rẹ kò ní ọ̀tá. Sọ fún atukọ̀ rẹ pé kó máa bojú wẹ̀yìn. Bí omi tó ń tú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bá ti tín-ín-rín tàbí tó dáwọ́ dúró, kó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó má sọ pé òun fẹ́ dé èbúté ná.

Epo tó dọ̀tí náà ń pa á. Níbi tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti ní kábúrétọ̀ tirẹ̀, bí ìdọ̀tí bá dí ihò inú ọ̀kan, sìlíńdà yẹn á máa gba epo díẹ̀. Rántí pé inú epo ni ọ́ìlì wà, nítorí náà ebi epo ni ebi ọ́ìlì. Sìlíńdà kan ṣoṣo yẹn ni yóò gbóná, tí orí písítìn rẹ̀ á yọ́, àwọn yòókù á sì wà ní pípé. Bí o bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kú, kábúrétọ̀ ni kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n wò.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì tó mumi, bóyá ọkọ̀ dojú dé tàbí ìgbì bò ó. Omi iyọ̀ kì í fi béárìn ṣeré, wákàtí díẹ̀ ti tó kí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi omi tó dùn ṣan án, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n da omi inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n fi epo àti ọ́ìlì sí i, kí wọ́n fi ọwọ́ yí i, kí wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá gbé e sí ìtòsí ògiri di ọjọ́ ajé, o ti di ẹni tó ń wá owó kíráńkì.

Kí wọ́n tó tú u palẹ̀

Ìwọ tí o ń gbé Igbóbì, o mọ ilé ìwòsàn egungun wa, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn kì í rí ẹsẹ̀ tó wú kí wọ́n sáré dì í ní sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun, kí wọ́n mọ ibi tó ti kán àti bó ṣe kán. Irú sùúrù yẹn ni kí o béèrè fún ẹ́ńjìnnì rẹ.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré kan wà tí wọ́n máa ń ki sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fa okùn ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ náà á sì sọ agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣì fi ń ki afẹ́fẹ́. Agbára yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ̀ḿpúréṣọ̀n. Ní kí wọ́n wọ̀n gbogbo sìlíńdà lójú rẹ, kí o sì kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ rẹlẹ̀ sí èkejì, ibẹ̀ ni ìjà wà. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí, tó kàn fẹ́ gbọ́ ìró kó sì dá ẹjọ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹrù bẹ́ẹ̀ wà.

Gba púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bá yọ, kí o fi wọ́n sórí bébà funfun. Èyí tó dúdú tó sì tutù ń sọ pé epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Èyí tó funfun bí eérú ń sọ pé ooru ti pọ̀, epo ti kéré. Bí o bá rí nǹkan wínníwínní tó ń dán bíi fàdákà lára rẹ̀, písítìn ti ń yọ́ nìyẹn. Ní kí wọ́n tún da ọ́ìlì gíá tó wà ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì jáde. Bó bá funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti wọlé síbẹ̀, síìlì rẹ̀ ti lọ. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. San owó rẹ̀ fún un lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀yàyà, torí pé owó tó ń gba owó là ni.

Ibi tí owó ń gbà lọ

Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé títú ló kàn, mọ̀ pé títú nìkan jẹ́ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbé inú omi iyọ̀ pẹ́, bóòtù rẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fi agbára tú u á dá a sínú, lílu bóòtù tó dá jáde á wá di owó mìíràn. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á da ọ́ìlì sí i, á fi iná mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, á sì ní sùúrù fún un. Nítorí náà, má fi ìkánjú lé e.

Bí wọ́n bá tú u tán, wọ́n á wọn inú sìlíńdà. Bí ògiri rẹ̀ bá ti ha tàbí tó ti jẹ, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ríbọ́ọ̀, kí písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè wọ̀ ọ́. Wọ́n sábà máa ń fi mìlímítà 0.25 tàbí 0.50 tóbi sí i. Fetí sí èyí dáadáa: wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n kí o tó ra písítìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú písítìn tuntun náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ sìlíńdà, kó lè gbẹ́ ẹ bá a mu. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìkánjú ra písítìn tó jẹ́ ìwọ̀n àtilẹ̀wá, tí wọ́n á kì í sínú sìlíńdà tó ti fẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà á jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa jó ríìngì, agbára rẹ̀ kò sì ní pé.

Kíráńkì ni olówó gọbọi. Nínú ẹ́ńjìnnì bí Enduro 40, kì í ṣe irin kan ṣoṣo; ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ inú ara wọn, kọ̀ǹróòdù àti béárìn wà láàárín. Bí béárìn rẹ̀ bá ti lọ, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ni wọ́n fi ń tú u, tí wọ́n fi ń tò ó padà, tí wọ́n á sì wọ̀n ọ́n bóyá ó gún régé. Bí o bá rí ẹni tó fẹ́ fi hámà lu kíráńkì, gba ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀. Irin tó wọ́ díẹ̀ á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á pa béárìn tuntun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó rà.

Bí mẹkáníìkì bá ka àwọn nǹkan kéékèèké fún ọ, ọ́ìlì síìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìmpélà, tẹmọ́sítáàtì, rọ́bà inú kábúrétọ̀, má ṣe sọ pé, "Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ padà, ẹ jẹ́ ká ra písítìn nìkan." Síìlì tó ti gbó á máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ á la epo, ooru á pọ̀, písítìn tuntun á sì tún jó. Nǹkan kékeré wọ̀nyí ló ń ṣọ́ nǹkan ńlá. Nínú gbogbo ìwé ọjà náà, àwọn ló yẹ kí o kọ́kọ́ yọ owó fún.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi wọ́n báyìí. Òkè òkun ni ẹ̀yà wọ̀nyí ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀yà tó jẹ́ dọ́là 100 tí ì bá gba ₦46,000 di ohun tó ń gba ₦150,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tó ń tà á tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá dá iye kan fún ọ tí ó ga ju ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lọ, má kàn pè é lólè. Béèrè ìwé ọjà, kí o lọ béèrè owó ní ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta, kí o wá padà bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀wọ́n yìí náà ló jẹ́ kí ayédèrú pọ̀. Mú ẹ̀yà àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí o fi méjèèjì sí ọwọ́ rẹ, kí o wo bí wọ́n ṣe wúwo tó, kí o wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wọn. Ẹ̀yà tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ bó bá jẹ́ kábúrétọ̀, pọ̀rọ̀péélà tàbí ìdérí. Ṣùgbọ́n má ra ríìngì, béárìn, síìlì tàbí ìmpélà ní tòkúnbọ̀ láé. Wọ́n ti lo ẹ̀mí wọn tán níbi tí wọ́n ti bọ̀.

Ìwọ àti ọ̀gá mẹkáníìkì

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Àwa obìnrin mọ ìnájà. A lè ná owó iṣẹ́ mẹkáníìkì títí á fi jọ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́ ṣe é. Ó gbà, a sì rò pé a ti borí. Àbúrò mi, ẹni tí o ná tán kò ní fi ebi sùn nítorí rẹ. Yóò wá owó rẹ̀ lórí ẹ̀yà, yóò sọ pé síìlì mẹ́ta ni nígbà tó jẹ́ méjì, tàbí kó fi gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà. Fún un ní owó iṣẹ́ tó tọ́ sí i. Sọ fún un pé, "Ọ̀gá, owó iṣẹ́ yín rèé, mi ò ní ná a. Ẹ̀yà ni màá fúnra mi rà, ẹ bá mi lọ." San án ní ìpín-ìpín: ìpín kan nígbà tó bá tú u, ìpín kan nígbà tó bá tò ó, èyí tó kù lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù lọ tó sì bọ̀.

Kí gbogbo ẹ̀yà àtijọ́ padà sọ́wọ́ rẹ nínú àpò. Béèrè fún un ní gbangba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé o ń fura. Kí o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tú u àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tò ó. Gbé àga rẹ, jókòó, béèrè orúkọ ohun tó bá ń kọjá lójú rẹ. Bí wọ́n bá ń di orí sìlíńdà, wo bóyá wọ́n ń lo sípánà tó ń wọn agbára ọwọ́, tí wọ́n sì ń dì í díẹ̀díẹ̀ láti àárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á rò pé o kàn ń wò ni. Jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí o tún un ṣe

Ẹ́ńjìnnì kan wà tó yẹ kí a jẹ́ kó lọ. Bí kíráńkì bá lọ, tí ara sìlíńdà fúnra rẹ̀ sì ti là tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi tí kò ṣeé gbẹ́ mọ́, tí iná rẹ̀ náà ò sì dára, ro gbogbo owó náà pọ̀, kí o fi wé iye tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀ tó pé. Ìlànà tí mo fi ń tọ́ àwọn àbúrò mi nìyí: bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tòkúnbọ̀ tó dára, ta èyí tó kú ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ẹsẹ̀ rẹ̀, kábúrétọ̀ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ àti pọ̀rọ̀péélà rẹ̀ á rí olùrà. Ọkàn wa máa ń fà mọ́ ohun tí a fi àjọ ọdún kan rà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ ló yẹ kí o gbà là.

Wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ẹ gbé e sínú dróòmù tó kún fún omi, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ wo omi tó ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló máa sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Ní àkókò yẹn, ìlọ́po méjì ọ́ìlì ni kí ẹ fi sí i, ìdá kan sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 á gba lítà kan. Ríìngì tuntun àti ògiri sìlíńdà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni. Kó má gbé ẹrù tó kún, kó má sáré àsápajúdé, kó sì máa yí eré rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Ibí yìí ni ìyá ìjà máa ń wà, torí pé atukọ̀ ti jókòó sílé láti ọjọ́ pípẹ́, ó fẹ́ pa owó tó sọnù padà lọ́jọ́ kan. Bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Bó bá ṣe é ṣe, dín iye tó ń san fún ọ kù lọ́sẹ̀ yẹn, kó má baà ní ìdí láti fi ẹ́ńjìnnì sáré. Owó ọ̀sẹ̀ yẹn wà lára owó àtúnṣe. Kà á mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó tí yóò dúró de ọjọ́ náà

Ó dá mi lójú pé ẹ́ńjìnnì rẹ á tún fẹ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀rọ ni, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ṣùgbọ́n a lè jẹ́ kí ọjọ́ náà bá owó nílẹ̀. Yọ owó díẹ̀ lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, kó o sì dá a lé aláàjọ lọ́wọ́ lọ́tọ̀, kó má pàdé owó oúnjẹ. Bí ọkọ̀ bá ń rìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, tí o yọ ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlélógún á fún ọ ní ₦144,000. Ìmpélà, síìlì àti ọ́ìlì gíá á jáde nínú rẹ̀ lásìkò, kí ọ̀rọ̀ má tíì di ti kíráńkì.

Ra ìwé kan fún ọkọ̀ náà nìkan. Kọ iye lítà epo, iye ọ́ìlì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà àti iye tí o rà á. Nígbà tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Milwaukee ní 1909, Bess ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà, tó kọ ìpolówó ọjà, tó sì ń bójú tó ìwé owó. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ òwò yìí ni ìwé obìnrin ti wà nídìí rẹ̀. Mú tìrẹ náà ní ọ̀kúnkúndùn. Bí o bá wo ìwé rẹ tí o rí i pé epo ń pọ̀ sí i tí ìrìn kò sì pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ti ń sọ̀rọ̀, o sì ti gbọ́ ọ kí atukọ̀ tó pè ọ́.

Lójoojúmọ́, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi omi tó dùn ṣan inú ẹ́ńjìnnì nínú dróòmù kí wọ́n tó lọ sílé. Owó omi dróòmù kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìpẹtà.

Má gbàgbé àwọn tó wà nínú ọkọ̀

Gbogbo ohun tí mo sọ lórí owó, ẹ̀mí èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú ní èbúté jẹ́ àdánù owó. Èyí tó kú láàárín ọ̀sà, nígbà tí ìgbì ń gbé ọkọ̀ lọ síbi òpó Afárá Kẹta tí ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ owó. Àjọ LASWA tó ń bójú tó omi Èkó ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Kí tìrẹ pé iye èrò, kí wọ́n sì jẹ́ èyí tó ṣeé dì. Kí àjẹ̀ méjì, ìdákọ̀ró àti púlọ́ọ̀gì tuntun wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, kí atukọ̀ má sì gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ìwọ lo ni ẹ́ńjìnnì náà, ìwọ nìkan ló sì lè sọ pé ọkọ̀ kò ní ṣí lónìí. Atukọ̀ kò ní fẹ́ sọ ọ́, torí ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Mẹkáníìkì kò ní fẹ́ sọ ọ́, torí ó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú rẹ. Bí omi bá ti ń tú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, bí kọ̀ḿpúréṣọ̀n bá ti ń lọ sílẹ̀, bí ọ́ìlì tó yẹ kò bá sí nílé, dá ọkọ̀ dúró. Owó ọjọ́ kan á padà wọlé. Ọlọ́run á máa mú wọn lọ, á máa mú wọn bọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwọ náà ṣe tìrẹ.